Ọtí Jéró àti Iṣẹ́ Oko Láàrin Àwọn Kofyar

Ní ọdún 1964, Robert Netting, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa àṣà ẹ̀dá, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nínú jọ́nà American Anthropologist. Ọtí ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dá lé. Láàrin àwọn Kofyar, àwọn àgbẹ̀ orí òkè tó wà ní apá gúúsù Òkè Jos, ó rí i pé ọtí ọkà ni wọ́n fi ń bọ àwọn baba ńlá wọn, òun ni wọ́n fi ń san owó ìtanràn, òun náà ni wọ́n fi ń gba àlejò. Muos ni wọ́n ń pè é. Jéró tàbí ọkà bàbà ni wọ́n fi ń pọn ọ́n.

Iṣẹ́ obìnrin ni, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Wọn a rẹ ọkà sómi, wọn a sẹ́ omi rẹ̀ nù, wọn a wá bò ó títí yóò fi hù. Ibi híhù yìí gan-an ni agbára ọtí ti ń wá: èròjà tó ń yọ nínú ọkà tó ń hù ló ń sọ sítáàṣì di ṣúgà, ṣúgà yìí ni ìwúkàrà sì ń sọ di ọtí. Wọn a sá a, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sè é, kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ kó kan.

Muos nípọn, ó ń ṣara lóore, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ bàjẹ́. Ọtí tí kò ṣeé fi pamọ́ ń fẹ́ ọ̀pọ̀ ẹnu.

Ọ̀pọ̀ ẹnu yìí ló di ọ̀pọ̀ ọwọ́ lóko. Ọ̀nà méjì ni àwọn Kofyar fi ń ran ara wọn lọ́wọ́. Wuk dà bí àró: ìwọ̀nba ènìyàn ni, ọjọ́ tí a bá fi ṣiṣẹ́ fún ẹnìkan, yóò san án padà. Mar muos ló jọ ọ̀wẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ fún yóò pọntí, àwọn aládùúgbò yóò tú jáde tọkùnrin tobìnrin, wọn a roko, wọn a sì mu.

Láti nǹkan bí ọdún 1950 síwájú ni púpọ̀ nínú wọn ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, níbi tí wọ́n ti ń fi òkúta to ẹ̀gbẹ́ oko kí òjò má baà wọ́ ilẹ̀ lọ, wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Namu. Ilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ni kò tó. Ebè iṣu kò ṣeé dá kọ, àsìkò kì í sì í dúró de àgbẹ̀. Jéró a máa gbó láàrin nǹkan bí oṣù mẹ́ta, nígbà tí ọkà bàbà ṣì wà lóko, nípa bẹ́ẹ̀ ọkà ọtí tuntun a ti wà nílé kí òjò tó dá. Ìwà àìmọ̀ ni kí ènìyàn rí irú ọtí bẹ́ẹ̀ kó pè é ní ìfọkàṣòfò. Láìsí i, ta ni ì bá kọ ebè wọ̀nyẹn?

Nínú àpilẹ̀kọ tí Netting àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1995, ó hàn pé iṣẹ́ oko tí obìnrin Kofyar ń ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ọkùnrin dọ́gba. Obìnrin ní oko tirẹ̀ pẹ̀lú, èrè ibẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀. Bó bá pọntí tà, owó náà kò kan ọkọ.