Láti Bọ́mà dé Ìgbóbì

Ẹni tó bá gba Fọlá Agoro kọjá wọ àárín Ṣómólú l'Ékòó yóò ti máa gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kó tó rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n wà. Ẹ̀rọ Kord ń ké, ẹ̀rọ GTO ń dá a lóhùn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ru bébà lérí, ó ń yà fún ọkọ̀. Lára iṣẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ ni ìwé ètò ìsìnkú: àwòrán olóògbé níwájú, ìtàn ayé rẹ̀ nínú, orin ìsìn lẹ́yìn. Ìtàn ayé yẹn kì í sábà gùn. Ilé ìwé, iṣẹ́, oyè, iye ọmọ. Ìyà tí olóògbé jẹ, àti bó ṣe fara dà á, kì í sí níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ìyà kì í ṣe àlejò ní sàkáání yìí. Ìgbóbì kò jìnnà síbẹ̀. Nígbà ogun Hítílà, ibẹ̀ ni ìjọba amúnisìn ti ń tọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́, kó tó di ilé ìwòsàn eegun ní December 1945. Bíi 90,000 sójà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí India àti Bọ́mà láti bá Japan jà, ọmọ Nàìjíríà ló sì ju ìdajì lọ.

Ilẹ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni Bọ́mà. Ohun tí Búdà fi ṣáájú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ìyà kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Wọ́n ní obìnrin kan, Kisa Gotami, gbé òkú ọmọ rẹ̀ wá bá a pé kó bá òun jí i. Búdà ní kó lọ tọrọ èso mọ́sítádì wá, ṣùgbọ́n láti ilé tí ikú kò wọ̀ rí ni. Ó kan ilẹ̀kùn títí, kò rí irú ilé bẹ́ẹ̀, ló bá lọ sin ọmọ rẹ̀. Búdà tún sọ̀rọ̀ ọfà méjì: ọ̀kan ni ìrora tó bá ara, èkejì ni èyí tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta ara rẹ̀, nípa ìbínú àti ìráhùn.

Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wà lára àwọn sójà tí wọ́n kó lọ sí Bọ́mà, ṣùgbọ́n kò gba ẹ̀sìn Búdà. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun. Ní March 1944, àwọn sójà Japan ká òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ létí odò Kaladan ní Bọ́mà. Ìbọn fọ́ eegun ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kú lójú rẹ̀. Òun àti David Kagbo, ọmọ Sierra Leone, ló kù nínú igbó, òjò ń pa wọ́n, ọgbẹ́ ń rà. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan, Shuyiman, ló ń gbé oúnjẹ fún wọn, tó sì wá fi wọ́n pamọ́ sílé rẹ̀. Ká ní àṣírí tú ni, òun àti ìyàwó àtọmọ ni ì bá bá a lọ. Oṣù mẹ́sàn-án kọjá kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó dé.

Ó tiro wálé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó sì jókòó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Àkọlé tó fún un ni *A Stroke of Unbelievable Luck*. Ẹni tí ìbọn ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ títí ayé ló ń pe ti ara rẹ̀ ní oríire! Ọfà kejì kò rí ọkàn ọkùnrin yìí wọ̀, ìwé kíkọ sì wà lára ohun tó dí i lọ́nà. Ó dunni pé òkè òkun ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti rí ẹni tẹ̀ ẹ́, nígbà tí Ṣómólú ń tẹ̀wé tọ̀sán-tòru.

Ní 2011, oníròyìn Barnaby Phillips bá Fadoyebo mú lẹ́tà ọpẹ́ lọ fún ìdílé Shuyiman ní Bọ́mà. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n wọ́n rí àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n sì ka lẹ́tà náà sí wọn létí. Fadoyebo gbọ́ bó ṣe lọ kó tó kú ní 2012.