Ta Ni Ó Ń Ka Àkókò Èrò? Bí Èkó Ṣe Ń Díwọ̀n Iṣẹ́ Ọkọ̀ Rẹ̀

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2008, àwọn bọ́ọ̀sì ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ná ojú ọ̀nà tí a yà sọ́tọ̀ fún wọn láti Mile 12 dé CMS nílùú Èkó. Kìlómítà 22 ni ọ̀nà náà. Ohun tí gbogbo ènìyàn rí ni ọkọ̀ tuntun àti kọnkéré tí ó dá dáńfó dúró sí apá tirẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí ni pé ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun kan tí ìwé ọlọ́kọ̀ kì í gbà: ìṣẹ́jú tí èrò fi dúró.

Kí ó tó di ìgbà náà, owó ni ìdíwọ̀n. Tráàmù tí ìjọba amúnisìn gbé kalẹ̀ ní ọdún 1902, tí ó ń gba orí afárá Carter láti Ìddó wọ Erékùṣù Èkó, inú ìwé owó ni wọ́n ti ń dá a lẹ́jọ́. Tráàmù náà kógbá sílé ní ọdún 1933. Bí ìrìn àjò náà ṣe rí lára ẹni tí ó wọ̀ ọ́, ìwé owó kò lè sọ.

Ní ọdún 1958, Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó ra ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì Zarpas, wọ́n sì sọ ọ́ di Lagos Municipal Transport Service, LMTS. Ọkọ̀ di ti ìlú, ṣùgbọ́n òǹkà náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Kọndọ́kítọ̀ ń já tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tí ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ń wọlé lójijì, wọ́n sì ń ka owó ní alẹ́. Iṣẹ́ gidi ni èyí, nítorí owó tí ó bá há sápò ẹnìkan kò lè ra táyà. Àmọ́ ẹni tí ó bá sanwó nìkan ni tíkẹ́ẹ̀tì mọ̀. Ẹni tí bọ́ọ̀sì kíkún fi sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ kò ní tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí náà kò sí nínú ìṣirò.

Bí ọkọ̀ ìlú ṣe ń dín kù, dáńfó àti mólùwè gba títì. Ìdíwọ̀n tiwọn tilẹ̀ le ju ti ìjọba lọ. Iye kan wà tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ kó fún ọlọ́kọ̀ lálaalẹ́. Owó epo ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, owó ẹgbẹ́ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí ó bá ṣẹ́kù ni ti awakọ̀ àti kọndọ́kítọ̀. Nínú irú ìṣirò yìí, ọkọ̀ tí ó bá kúrò ní ìdíkọ̀ kí ó tó kún ti jẹ gbèsè. Ìdí nìyí tí dáńfó fi ń jókòó de èrò, tí ó fi ń já èrò sílẹ̀ ní agbedeméjì ọ̀nà nígbà tí ó bá rí i pé ọjà wà níbòmíràn, tí owó ọkọ̀ sì fi ń fò sókè bí òjò bá ti ṣú. Àwọn ará Èkó a máa sọ pé wèrè ni awakọ̀ dáńfó. Wèrè kọ́. Òǹkà rẹ̀ ni ó ń tẹ̀ lé, ó sì mọ̀ ọ́n dájú.

Òfin tí ó dá LAMATA, àjọ tí ń ṣàkóso ìrìnnà ní agbègbè Èkó, sílẹ̀ jáde ní ọdún 2002, lásìkò Gómìnà Bọ́lá Tinúbú, Báńkì Àgbáyé sì ṣe àtìlẹ́yìn owó. Iṣẹ́ àjọ náà kì í ṣe láti wa ọkọ̀ bí kò ṣe láti ṣètò ojú ọ̀nà, kí ó sì máa ṣọ́ àwọn tí ń wà á. Nígbà tí BRT bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW fúnra rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sílẹ̀ tí ó yáwó ra bọ́ọ̀sì 100. Èrò ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ kí ó tó wọlé, owó kò sì gba ọwọ́ awakọ̀ kọjá mọ́. Àwọn ọkùnrin tí a ti ń bú láti ọdún pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sí ibi tí ó yẹ kí wọ́n dúró sí.

Nínú àbọ̀ tí LAMATA gbé jáde lẹ́yìn náà, èrò mílíọ̀nù 9.7 ni wọ́n kó láàrin ọgọ́rùn-ún ọjọ́ àkọ́kọ́. Àkókò ìrìn àjò fi ìpín 40 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, àkókò ìdúró fi ìpín 35 dín kù, owó ọkọ̀ náà sì wálẹ̀ ní ìpín 30 tí a bá pín in dọ́gba. Nínú gbogbo rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ti ìdúró ni ó ṣe pàtàkì jù, òun náà sì ni etí kọ́kọ́ gbàgbé. Èyí tí ó kù lẹ́nu àwọn aláṣẹ ni iye èrò: 200,000 lójúmọ́.

Iye èrò rọrùn láti kéde. Ó dùn létí, ó sì ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tí èrò fún pọ̀ nínú rẹ̀ títí ilẹ̀kùn kò fi fẹ́ pa dé mọ́ ń mú kí nọ́ńbà náà dára sí i ni. Ìlà tí ó gùn yí ibùdókọ̀ ká kò sí nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ń gbó kò sí nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, bọ́ọ̀sì tí ó ṣeé wà ń dín kù, ìdúró sì ń gùn sí i. Nígbà tí a fa ọ̀nà náà dé Ìkòròdú ní ọdún 2015, ọkọ̀ tuntun àti ilé-iṣẹ́ tuntun ni wọ́n gbé wọlé.

Ọ̀nà kan wà láti fi ìdúró sínú ìwé àdéhùn gan-an. Ìlú London, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ti ń gbé ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń du iṣẹ́ náà láti ọdún 1985. Ní ọdún 2001, wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú àdéhùn kan tí ó so owó ilé-iṣẹ́ mọ́ bí èrò ṣe dúró pẹ́ tó. Ẹ jẹ́ kí a wo ìṣirò náà. Bí bọ́ọ̀sì mẹ́fà bá ń kọjá láàrin wákàtí kan, tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá sì wà láàrin wọn, ìṣẹ́jú márùn-ún ni èrò yóò dúró tí a bá pín in dọ́gba. Bí mẹ́ta bá wá lẹ́ẹ̀kan náà, tí mẹ́ta mìíràn tún tẹ̀ lé ara wọn lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mẹ́fà náà ni wọ́n ṣì jẹ́. Ẹni tí ń ka ọkọ̀ yóò ní iṣẹ́ pé. Ṣùgbọ́n ìdúró èrò ti di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó lé yìí ni London ń wọ̀n. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá mú un dín kù ju bí a ti ṣe àdéhùn lọ ń gba ẹ̀bùn. Èyí tí ó bá jẹ́ kí ó pọ̀ jù, wọn a gé owó rẹ̀.

Ìdíwọ̀n yìí náà ní ìyà tirẹ̀. Bọ́ọ̀sì London a máa dúró ní ibùdókọ̀ láìsí ìdí tí ojú rí, ohùn kan á sì kéde pé wọ́n fẹ́ kí àlàfo àárín àwọn ọkọ̀ dọ́gba. Ẹni tí ó ti jókòó sínú rẹ̀, tí ó ti pẹ́ fún iṣẹ́, a máa fi ehín họ ara wọn. Ẹni tí ń bẹ ní ibùdókọ̀ iwájú ni wọ́n ń ṣe é fún.

Èkó kò ṣaláìní irinṣẹ́ báyìí. Láti ọdún 2020 ni káàdì tí wọ́n sọ ní Cowry, ní orúkọ owó ẹyọ àwọn baba wa, ti ń rọ́pò tíkẹ́ẹ̀tì bébà nínú BRT. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàrin Marina àti Mile 2, káàdì kan náà ni wọ́n sì fi ń wọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ mọ iye tí wọ́n yọ nínú káàdì kọ̀ọ̀kan, ó mọ ibùdókọ̀, ó sì mọ aago. Ṣùgbọ́n ìgbà tí èrò bá fi káàdì kan ẹ̀rọ nìkan ni ó mọ̀. Ẹni tí ó tò sórí ìlà bọ́ọ̀sì ní aago márùn-ún ìdájọ́ọ́, tí kò rí ọkọ̀ wọ̀ títí di aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ẹ̀rọ yóò kọ sílẹ̀ pé ìrìn àjò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.