Gbajúmọ̀

Ẹni tí igba ojú mọ̀ ni gbajúmọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti tú u fún wa. Ṣùgbọ́n òkìkí nìkan kọ́ ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ẹni tí igba ojú ń wò, bí ó bá tẹ́wọ́ gba ohun titun, igba ẹsẹ̀ ni yóò tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, ẹrú àná tí ó padà di Bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, bá odò Ọya dé Onitsha ní 1857, ọ̀dọ̀ Obi Akazua, ọba ìlú náà, ni ó mú ọ̀rọ̀ ìhìn rere rẹ̀ lọ, John Christopher Taylor, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ Igbo wà lára rẹ̀, ni ó sì fi síbẹ̀ láti máa wàásù, nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọba lè ṣí ìlẹ̀kùn, àmọ́ gbajúmọ̀ ni í mú ni wọlé: ní Aguleri, ní ilẹ̀ Igbo, nígbà tí Olóyè Idigo gba ìgbàgbọ́ àwọn Àgùdà ní 1891, ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀ ni ó bá a lọ.

Bákan náà ni ó rí nínú òwò: ní Awada, ilẹ̀ Obosi tí ó fẹ̀gbẹ́ kan Onitsha, ọ̀gá oníṣòwò ni gbajúmọ̀ òde òní. Irú ọjà tí ó bá gbé kọ́ ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀, nígbà tí ó bá gba òmìnira, yóò gbé dé Èkó àti Kánò.