Èdè Àdéhùn àti Èdè Ẹ̀bẹ̀: Èkó ní 1861

Gẹ́gẹ́ bí ìtàn ti sọ, orúkọ Òṣòdì Tápà, ìjòyè Kòsọ́kọ́, ni wọ́n fi sọ Òṣòdì tí ó wà nítòsí Ìsọlọ̀. Ní 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, Òṣòdì sì bá a lọ sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí wọ́n padà ní 1862, Èkó ti di ti Ọbabìnrin Victoria. Ìwé ni wọ́n fi gbà á.

Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹjọ, 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ogun Prometheus wà nítòsí. Ìdí rere ni ìwé náà fi síwájú: ààbò fún ará ìlú àti òpin òwò ẹrú. Ẹni tí ó bá gba ìdí náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ohun tí ó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn èyí ni ó wá fi àwítúnwí to ọ̀rọ̀ ìfúnni jọ, kí àyè àwáwí má ṣe ṣẹ́ kù.

Kò pẹ́ tí Dòsùnmú fi kọ̀wé sí Ọbabìnrin pé tipátipá ni. Ìwé ẹ̀bẹ̀ kò lè pàṣẹ. Àánú àti òdodo ẹni tí ó ń kà á ni ó ń pè. Àdéhùn náà dúró, ilẹ̀ kò sì padà. Èdè lágbára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ìbọn lẹ́yìn ìwé rẹ̀ kò níláti bẹ̀bẹ̀.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn máa bi ìwé kọ̀ọ̀kan léèrè: ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀, kí ni ó sì fẹ́ kí ó gbà?