Nígbà tí iná bá dé, ta ni yóò jí ètò wa?

Ìtàn tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti ọba, kì í sì í ṣe ti ogun Dahomey. Ìtàn kọ̀ǹpútà ni, èyí tí àwa tó fi èdè Faransé kàwé ń pè ní ordinateur. Ẹ má tíì sá o.

Àwọn kan láàárín wa ti ń gbé ètò tiwọn sórí kọ̀ǹpútà kékeré oní-Linux: ìwé máàkì àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, àkójọ ọ̀rọ̀ èdè wa, àkọsílẹ̀ owó àjọ. Ó dára, nítorí ohun tó wà nílé wa, tiwa ni. Ṣùgbọ́n iná á lọ lóru, á dé láàárọ̀, kọ̀ǹpútà á tàn, ètò kò ní jí. Gbogbo ènìyàn á wá máa wá ẹnì kan ṣoṣo tó mọ àṣẹ tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ẹni náà bá wà ní Cotonou ń kọ́?

Ìṣòro yìí ti pẹ́. Ní 1963, ní MIT ní Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ Project MAC ní àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tó jókòó tì wọ́n. Wọ́n sọ wọ́n ní daemon, láti ara ẹ̀dá àìrí kan tí James Clerk Maxwell, ọ̀mọ̀wé ará Scotland, fi ṣe àpèjúwe nínú ẹ̀kọ́ nípa ooru. Kì í ṣe démon tí àwọn àlùfáà ń lé jáde o.

Ní 1969 ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs. Nínú Unix, gbogbo ètò ló ní bàbá tó bí i. Baba ńlá wọn ni init, nọ́ńbà 1. Bí bàbá ètò kan bá kú, ọmọ di òrukàn, nọ́ńbà 1 a sì gbà á tọ́. Láyé ìgbà náà, orí wáyà tẹlifóònù ni àwọn ènìyàn máa ń gbà dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà. Bí o bá gbé fóònù kalẹ̀, ẹ̀rọ á fi àmì tí wọ́n ń pè ní HUP ránṣẹ́, àwọn ètò rẹ á sì kú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé títí dòní, bí ẹ bá ti ojú fèrèsé dúdú tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ètò, ètò náà lè bá a lọ.

Kí ètò tó lè pẹ́ láyé, ó ní láti sọ ara rẹ̀ di òrukàn: á bímọ, bàbá á kú, ọmọ náà á tún bímọ, òun náà á kú. Ọmọ-ọmọ yẹn ló ń bọ́ sọ́wọ́ nọ́ńbà 1. Á wá kọ nọ́ńbà tirẹ̀ sínú fáìlì kékeré kan kí wọ́n lè rí i. Báyìí náà ni wọ́n ṣe é lábẹ́ System V, tí AT&T gbé jáde ní 1983, tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú àwọn fáìlì bíi S20.

Níbẹ̀ ni wàhálà wà. Nọ́ńbà 1 gba òrukàn tọ́, ṣùgbọ́n kò mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Bí ó bá kú, á sin ín, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Fáìlì kékeré yẹn á ṣì máa pe nọ́ńbà òkú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ lè ti fún ètò mìíràn ní nọ́ńbà náà. Ẹni tó bá wá pa ti àkọ́kọ́ á pa aláìṣẹ̀.

Ní òpin àwọn ọdún 1990, D. J. Bernstein ṣe daemontools: kí ètò má di òrukàn rárá, kí bàbá rẹ̀ dúró tì í, kí ó jí i bí ó bá kú. Ọgbọ́n ńlá ni lójú tiwa, àmọ́ àwọn Linux ńláńlá kò fi ṣe ìpìlẹ̀. Ubuntu gbé Upstart jáde ní 2006. Ní 2010, Lennart Poettering, ọmọ Jámánì, àti Kay Sievers gbé systemd dé. Wọ́n lo cgroup, tí àwọn òṣìṣẹ́ Google ti mú wọ inú Linux ní 2008. A lè pè é ní agbo ilé: ètò lè pààrọ̀ bàbá lẹ́ẹ̀mẹwàá, ṣùgbọ́n kò lè fi agbo ilé rẹ̀ sílẹ̀.

Ìjà bẹ́ sílẹ̀. Fedora gbà á ní 2011. Ní Debian, oṣù kejì 2014, ìbò ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ pín sí méjì géérégé, mẹ́rin fún systemd, mẹ́rin fún Upstart, títí alága wọn, Bdale Garbee, fi ìbò ìparí gbé systemd lékè. Ubuntu pàápàá fi tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó bínú lọ dá Devuan sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Wọ́n ní systemd ń gba iṣẹ́ tó pọ̀ jù sọ́wọ́, ẹjọ́ wọn kò sì ṣòfo.

Fún wa, ohun tó kù ni fáìlì kan, bíi maaki.service, nínú /etc/systemd/system. ExecStart ń sọ ibi tí ètò wà. User ń sọ orúkọ tí yóò fi ṣiṣẹ́. Ẹ má fi root sí i. WantedBy=multi-user.target àti àṣẹ systemctl enable ló ń jí i nígbà tí iná bá dé. Restart=on-failure kò sí fún iyẹn: òun ń jí i bí ètò bá ṣubú nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń pa méjèèjì pọ̀. Ẹ fi RestartSec=5 kún un, nítorí bí ètò bá ń ṣubú léraléra, tó bẹ̀rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, systemd á káwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Journalctl -u maaki ni yóò sọ ohun tó pa á.