Itọ́ Tó Ń Dà Lẹ́nu: Bí Ìtọ́jú Rẹ̀ Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Fún ohun tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún ní Yúróòpù, àwọn dókítà gan-an ló ń mú kí itọ́ máa dà lẹ́nu aláìsàn. Láti nǹkan bí ọdún 1500 ni wọ́n ti ń fi mẹ́kúrì tọ́jú sífílísì: wọ́n á fi pa aláìsàn lára, tàbí kí wọ́n dáná sí mẹ́kúrì náà kí èéfín rẹ̀ bo aláìsàn. Bí itọ́ bá ti ń ṣàn, inú wọn á dùn, wọ́n á ní oró àrùn ló ń jáde yẹn. Àwọn kan tilẹ̀ ń retí itọ́ tó ju lítà kan ààbọ̀ lọ lójúmọ́ kí wọ́n tó gbà pé oògùn ń jẹ́. Mẹ́kúrì fúnra rẹ̀ sì ni oró náà. Ìdí eyín á wú, eyín á yọ dànù, ẹ̀mí ẹlòmíì á bá a lọ.

Ojú ọ̀nà tí itọ́ ń gbà kò tíì yé wọn dáadáa nígbà náà. Ní 1656 ni Thomas Wharton, dókítà kan ní London, ṣàpèjúwe èyí tó wá láti abẹ́ àgbọ̀n. Ní 1660, Niels Stensen, ọmọ Denmark tó wà ní Amsterdam, la orí àgùntàn, ó sì rí èyí tó ti iwájú etí gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọ ẹnu.

Lójú tèmi, dókítà James Parkinson ló là wá lójú jù. Nínú ìwé tó kọ ní 1817 lórí àrùn gbígbọ̀n tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí, ó ṣàlàyé pé itọ́ ń dà nítorí pé kò dé ọ̀fun mọ́. Ara tó le koko ń pèsè ìdajì lítà sí lítà kan ààbọ̀ itọ́ lójúmọ́, a kàn ń dá a mì láìfura ni. Ẹni tí kò lè dá a mì dáadáa ni tirẹ̀ ń dà. Bẹ́ẹ̀ ló sábà rí fún ọmọ tó ní cerebral palsy, àìlera ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí iṣan ara ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, tí aráyé sì ń tètè pè ní dìndìnrìn. Ìwà ìkà ni.

Nítorí náà, ohun tí dókítà kọ́kọ́ ń wádìí ni bóyá itọ́ pọ̀ jù ni àbí mímì ló ṣòro. Oyún lè mú kí obìnrin máa tutọ́ ṣáá. Clozapine, oògùn àrùn ọpọlọ, lè fà á. Bó bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ lára ẹni tó fọ́n oògùn apakòkòrò lóko, tó ń làágùn, tí ọmọlójú rẹ̀ sì sún kì, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n sáré gbé e lọ.

Oògùn àtírópìnì ń dá itọ́ dúró, ó sì tún ni ìtọ́jú májèlé oògùn apakòkòrò yẹn, ṣùgbọ́n ó lè da orí àgbàlagbà rú, kó sì dí ìgbẹ́ mọ́ ọn nínú. Ní 1967, T. F. Wilkie, oníṣẹ́ abẹ ní Kánádà, gbé ojú ọ̀nà itọ́ lọ sẹ́yìn ẹnu kó lè máa ṣàn sí ọ̀fun.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi dín itọ́ kù lóde òní ní ìtàn tirẹ̀. Justinus Kerner, dókítà àti akéwì ní Jámánì, ṣàkíyèsí pé ẹnu àwọn tó jẹ sọ́séèjì tó ti bà jẹ́ máa ń gbẹ. Ní 1822 ó dábàá pé oró náà lè wúlò fún ẹni tí omi ara rẹ̀ pọ̀ jù. Oró yẹn la mọ̀ sí botulinum. Ọdún 2018 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú rẹ̀ kan fún àgbàlagbà tí itọ́ ń dà lẹ́nu. Agbára rẹ̀ á rọ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á tún un gún. Kò kọ́ ọ̀fun ní mímì ṣá o; ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́ aláìsàn ní ọ̀rọ̀ sísọ àti oúnjẹ gbígbé mì nìyẹn wà.