Ìtàn Ìtọ́jú Àrùn Croup Láàrin Àwọn Ọmọdé: Bí Orúkọ Kan Ṣe Bo Àrùn Méjì Mọ́lẹ̀

Ìfáàrà

Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ṣùgbọ́n kí a tó lè wo àìsàn, a gbọ́dọ̀ mọ irú èyí tí ó jẹ́. Òtítọ́ yìí hàn gbangba nínú ìtàn ìtọ́jú àrùn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní croup. Àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin oṣù mẹ́fà sí ọdún mẹ́ta ni ó sábà máa ń mú. Gògóńgò ọmọ á wú, ọ̀nà èémí á fún, ohùn á há, ikọ́ á sì máa dún bí ìgbà tí ajá bá ń gbó, pàápàá lóru. Bí ó bá le, ariwo ni ọmọ yóò fi máa fa èémí sínú. Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi hàn ni pé àrùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló jẹ́ orúkọ yìí fún ìgbà pípẹ́, àti pé ìgbà tí a yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan tó rí ìtọ́jú tó yẹ ẹ́.

Àrùn Méjì Lábẹ́ Orúkọ Kan

Èdè àwọn ará Scotland ni orúkọ náà ti wá. Francis Home, oníṣègùn ní Edinburgh, ló gbé e wọ inú ìwé ìṣègùn ní ọdún 1765. Ó ṣàpèjúwe awọ fẹ́lẹ́ kan tó ń bo ọ̀nà èémí àwọn ọmọ tí àrùn náà pa. Ìtọ́jú ayé ìgbà náà ni kí a gba ẹ̀jẹ̀ lára ọmọ, kí a fi eṣúṣú mọ́ ọn lọ́rùn, tàbí kí a fún un ní oògùn tí yóò mú un bì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń ṣí ọ̀nà èémí tó dí. Nígbà tí àrùn yìí pa ọmọ àbúrò Napoleon ní 1807, ọba náà kéde ẹ̀bùn 12,000 owó franc fún iṣẹ́ ìwádìí tó bá dára jù lọ lórí rẹ̀.

Pierre Bretonneau ti ìlú Tours ní ilẹ̀ Faransé ló kọ́kọ́ la ọ̀nà. Ní 1825, ó dá ihò sí ọ̀nà èémí ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin kan láti iwájú ọrùn, ọmọ náà sì yè. Ní 1826, ó fi hàn pé dífítíríà ni croup tó ń ní awọ nínú; òun náà ló fún àrùn yẹn ní orúkọ. Èyí tí kò ní awọ ni àwọn oníṣègùn wá ń pè ní croup èké. Lẹ́yìn 1880, Joseph O'Dwyer ní New York fi páìpù kékeré tí a ń ti ẹnu kì bọ gògóńgò rọ́pò dídá ọrùn lu.

Àmọ́ ṣá o, èémí nìkan ni ọgbọ́n méjèèjì ń dá padà. Wọn kò kan àrùn fúnra rẹ̀. Edwin Klebs rí bakitéríà tó ń fa dífítíríà ní 1883, Friedrich Loeffler sì tọ́jú rẹ̀ títí ó fi pọ̀ sí i ní 1884. Emil von Behring àti Shibasaburo Kitasato ṣàwárí oògùn apaoró rẹ̀ ní 1890. Ní 1894, Émile Roux ròyìn lílò rẹ̀, láti inú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin, fún àwọn ọmọ ní ilé ìwòsàn kan ní Paris. Ikú tó ń pa bí ìdajì àwọn ọmọ tí dífítíríà gbé wá síbẹ̀ wá sílẹ̀ dé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ìtọ́jú Croup Tí Ó Ṣẹ́kù

Bí àjẹsára ṣe ń ká dífítíríà lọ́wọ́ kò ní àwọn ilẹ̀ kan, croup èké ló kù. Ní 1956, Robert Chanock rí fáírọ́ọ̀sì kan lára àwọn ọmọ tó ní in. Èyí fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé oògùn apaoró dífítíríà kò lè ràn án lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn tó ń pa bakitéríà.

Ooru omi gbígbóná ni àwọn òbí àti oníṣègùn gbójú lé fún ìgbà pípẹ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ọmọ 140 ní Toronto, tó jáde ní 2006, fi hàn pé afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin kò mú ara ọmọ yá ju bó ṣe yẹ lọ. Omi gbígbóná náà sì lè bó ọmọ lára. Oògùn dexamethasone, tó ń mú wíwú gògóńgò rọlẹ̀, ni ó fi ẹ̀rí ara rẹ̀ hàn. Nínú ìwádìí kan lórí ọmọ 720 ní Kánádà tó jáde ní 2004, ìdá 15.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò lò ó ló padà wá gba ìtọ́jú, ìdá 7.3 péré ni nínú àwọn tó lo ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá le gan-an, oníṣègùn máa ń fi adrenaline kún un, tí ọmọ yóò fà símú bí ìkùukùu.

Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́

Ìpínyà àrùn méjèèjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ ní Nàìjíríà. Dífítíríà tún bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2022, Ìpínlẹ̀ Kano sì ni ó ti ṣọṣẹ́ jù lọ. Ní 2023, oògùn apaoró ṣọ̀wọ́n. Àjẹsára tó ń dènà rẹ̀ wà nínú èyí tí a ń fún ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 lẹ́yìn ìbí. Nítorí náà, ọmọ tó ń fi ariwo fa èémí kì í ṣe ẹni tí olùkọ́ yóò fi ooru omi tọ́jú, tàbí tí yóò fi ìka wo ọ̀fun rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ó tètè dé, kí a sì bi òbí rẹ̀ léèrè bóyá àjẹsára rẹ̀ pé.

Ìgúnlẹ̀

Ìtàn yìí fi hàn pé àìfìyàtọ̀ sáàárín àrùn méjì kì í ṣe àṣìṣe inú ìwé lásán. Ẹ̀mí ọmọ ni ó ń ná ni. Olùkọ́ tó bá mọ èyí yóò lè kọ́ àwọn òbí pé àpẹẹrẹ àrùn lè jọra, kí ìtọ́jú wọn má jọra.